Páálí D&D àbí Fate tí a tẹ̀ fúnra wa: èwo ni kí owó yín lọ fún?

Láti ìgbà tí a ti ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Òkè-Fìà, Òṣogbo níbí, ẹni mẹ́rin ló ti bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà nínú méjèèjì?" Eré tí ènìyàn bíi márùn-ún ń jókòó yí tábìlì ká ṣe ni wọ́n ń bi mí. Ẹnì kan á máa pa ìtàn (Baba Onítàn là ń pè é lọ́dọ̀ wa), àwọn yòókù á di ọdẹ, oníṣègùn tàbí olè inú ìtàn náà, dáìsì á sì sọ bóyá ohun tí wọ́n dáwọ́ lé máa bọ́ sí i.

Mo ra páálí Dungeons & Dragons (òun ni D&D) tí wọ́n ń pè ní Starter Set, èyí tó jáde lọ́dún 2014. Wọ́n ti ṣe òmíràn lọ́dún 2022, ṣùgbọ́n ti 2014 ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Fate Accelerated, tó jáde lọ́dún 2013, ṣe ni mo tẹ̀ ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Ohun tó wà lẹ́yìn páálí, ẹ lè kà á fúnra yín.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọ̀kadà máa kọ́kọ́ béèrè bóyá òun máa rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà nítòsí. Èmi ò béèrè. Dọ́là 19.99 ni wọ́n ń ta páálí yẹn nígbà tó jáde, mo ní kò le. Ẹni tó ń bá wa kó ẹrù láti òkè òkun gbé e sórí òṣùwọ̀n, owó tó sì gbà lọ́wọ́ mi ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ó dé Èkó, mo tún san owó mọ́tò kó tó dé Òṣogbo. Mo fara dà á.

Dáìsì mẹ́fà ló bá a wá: olójú mẹ́rin, olójú mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, àti olójú ogún. Olójú ogún yìí lọ̀gá gbogbo wọn. Ẹ fẹ́ gún ènìyàn lọ́bẹ, ẹ fẹ́ gun ògiri, ẹ fẹ́ parọ́ fún ọba, òun náà lẹ máa jù. Lọ́sẹ̀ kẹta, télọ̀ tó wà láàárín wa fi ayọ̀ jù ú. Ó ta kúrò lórí tábìlì, ó yí gbirigbiri kọjá lábẹ́ àga, ó bọ́ sí gọ́tà. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. A fi igi tú u, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i, omi ti gbé e lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Ọjà Ọba. Ìyá kan tó ń ta lúdò àti káàdì nawọ́ dáìsì sí mi.

"Ẹ ṣé, mà. Olójú ogún ni mò ń wá."

Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi ogún ojú wò?"

A padà sílé, a kọ 1 sí 20 sórí bébà kéékèèké, a ká wọn, a dà wọ́n sínú agolo mílíìkì. Ó ṣiṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 20 ṣáá. A ní orí rẹ̀ ló dára. Ọjọ́ tí mo da agolo náà dé sórí tábìlì ni mo rí i pé bébà 20 ti fara kan epo àkàrà ní igun kan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú láàárín àwọn yòókù. Ọ̀gbẹ́ni kàn máa ń yọjú wo inú agolo kó tó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ni. Kò tiẹ̀ jiyàn. Ó ní Baba Onítàn ò sọ fún òun pé kí òun dijú.

Ẹ máa ní dáìsì wà lórí fóònù, ọ̀fẹ́ sì ni. Ó wà lóòótọ́. Tí ẹnì kan bá wo fóònù rẹ̀ tó ní òun rí 19, ta ló máa jẹ́rìí sí i? Tí iná ò bá sì tíì dé láti àárọ̀, ẹni tó ní pawa bánkì ló ni eré lọ́jọ́ náà.

Fate náà ní dáìsì tirẹ̀ lọ́tọ̀, mẹ́rin lẹ máa jù lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ ti sọ ọ̀nà àbáyọ fún ẹni tí kò bá ní: ẹ mú dáìsì lúdò mẹ́rin, kí ẹ ka 5 àti 6 sí +1, 1 àti 2 sí -1, 3 àti 4 sí òfo. Ó tán. Bí ọ̀kan bá bọ́ sí gọ́tà, ẹ jẹ́ kó máa lọ.

Ibi tí D&D ti gbayì ni pé 20 àti 10 ní àǹfààní kan náà, ẹ̀ẹ̀kan nínú 20, ìdí nìyẹn tí tábìlì fi máa ń hó yèè. Nínú Fate, kí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ + kì í ju ẹ̀ẹ̀kan nínú 81 lọ. Itòsí òfo ló sábà máa ń bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ kí àyà òun máa já, páálí ló máa tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìtàn: páálí ló borí pátápátá. Ìwé ìtàn olójú ewé 64 wà nínú rẹ̀, Baba Onítàn kò ní láti ronú jìnnà. Fate kò bá yín pa ìtàn kankan. Bí ẹ ò bá ní ẹnì kan tó lahùn dáadáa, ẹ máa jókòó máa wo ara yín.

Owó ìwé: láti oṣù Kìíní ọdún 2023 ni òfin D&D tí wọ́n ń pè ní SRD 5.1 ti wà lábẹ́ Creative Commons, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, àfi oní-fọ́tòkọ́pì. Ó ju ojú ewé 400 lọ, ẹ má tẹ gbogbo rẹ̀. Fate ò ju nǹkan bí 50 lọ.

Ẹni tí ẹ máa dà: ẹni márùn-ún ti wà ní sẹpẹ́ nínú páálí. Jagunjagun méjì, aràrá tó jẹ́ àlùfáà, elf tó jẹ́ oṣó, àti halfling (ẹ̀dá kúkúrú kan) tó jẹ́ olè. Nǹkan bí ìdajì ọjọ́ àkọ́kọ́ wa ló lọ sórí "Ẹ̀gbọ́n, elf yìí, ṣé iwin ni àbí ọ̀rọ̀?" Nínú Fate, ẹnu ara yín lẹ máa fi júwe ara yín, kí ẹ sì fi wàhálà yín kún un. Télọ̀ wa kọ "Ọdẹ tó bá Tìmẹ́hìn rìn" (Tìmẹ́hìn ni ọdẹ inú ìtàn bí wọ́n ṣe tẹ Òṣogbo dó); wàhálà rẹ̀ ni "Ẹnu mi kì í dákẹ́". Ọjọ́ yẹn la ṣe ìtàn igi tó wó sódò, tí ohùn kan ké látinú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun tán. Ọmọ Òṣogbo wo ni kò gbọ́ ọ rí? Ohun tí a ò mọ̀ ni èsì tí télọ̀ máa fọ̀. Ó ju dáìsì: 6, 5, 2, 3. +1 nìyẹn, ó fi +2 tó ní fún ọgbọ́n kún un, ó di +3. Ó dọ̀bálẹ̀ létí omi, ó ní òun máa mọ ìkòkò míì, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun mọ bó ṣe fẹ̀ tó.

Méjèèjì dára, mi ò bá ọ̀kan ṣọ̀tá. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tó ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà lóṣù Kejìlá, tí àyè ṣì wà nínú báàgì rẹ̀, kó bá yín ra páálí, kó sì ra dáìsì olójú ogún mẹ́ta sí i. Tí ẹ ò bá ní irú ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀, ìyá Ọjà Ọba wà níjòókòó, mẹ́fà ni kí ẹ rà dípò mẹ́rin. Ẹ sì sọ fún bàbá onílé kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe tẹ́tẹ́ lẹ̀ ń ta.

Páálí tèmi ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, mo ṣe tán láti tà á. Dáìsì márùn-ún ló kù nínú rẹ̀.