Ọ́ìlì gíà Toyota Type T-IV: ìgbà tó ń gba gíà tó ń yọ̀ là, àti ìgbà tó pẹ́ jù

Tí Camry 2002 sí 2004 oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, ìyẹn Big Daddy, bá ń ké lásán nígbà tó fẹ́ bọ́ sí gíà kejì tàbí ìkẹta, tí ìrìn rẹ̀ kò sì tó igbe rẹ̀, ìyẹn ni pé gíà ń yọ̀, ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ ní wọ́ọ̀kùṣọ́ọ̀bù ni pé kí ẹ lọ ra gíà tòkunbọ̀. Ẹ ní sùúrù ná. Ọ́ìlì ni ká kọ́kọ́ bi léèrè.

U241E ni gíà yìí, Type T-IV sì ni ìwé mọ́tò ní ká dà sí i. Àwọn kan á ní "pupa kúkú ni gbogbo wọn." Àwọ̀ kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. WS, ọ́ìlì gíà mìíràn tí Toyota ṣe fún àwọn mọ́tò tó dé lẹ́yìn, fẹ́lẹ́ ju T-IV lọ, Toyota fúnra rẹ̀ sì ní ká má fi ọ̀kan dípò èkejì. Bí mọ́tò bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ kété lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì, ẹ béèrè agolo tí wọ́n lò.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ yọ gééjì ọ́ìlì gíà, ìyẹn ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì, wò. Ẹ wa mọ́tò fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí ọ́ìlì gbóná, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, ẹ tẹ búréèkì, ẹ fa ọwọ́ gíà láti P dé L kí ẹ sì dá a padà sí P. Ẹ má pa ẹ́ńjìnì o. Ẹ nu gééjì, ẹ tì í padà sínú ihò rẹ̀, ẹ tún yọ ọ́, ẹ wá kà á níbi tí wọ́n kọ HOT sí. Ẹni tó pa ẹ́ńjìnì kó tó wò ó, irọ́ ni gééjì pa fún un. Tí ọ́ìlì bá wálẹ̀, pọ́ǹpù á máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, agbára tó ń ti awo kúlọ́ọ̀ṣì pọ̀ á dín kù, awo á máa yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n á sì máa jóná. Àkúnjù náà burú: ọ́ìlì á máa hó bí ọṣẹ, àbájáde rẹ̀ kò sì yàtọ̀.

Tí ohun tó wà lórí gééjì bá dà bíi mílíìkì tó ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, omi rédíétọ̀ ti wọnú gíà. Ẹ má wà á mọ́. Tí ó bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, tí gbogbo gíà sì ń yọ̀, awo ti jẹ tán; T-IV agolo mẹ́wàá kò ní mú un hù padà. Àmọ́ tí ó bá kàn di bíráùn, tó sì jẹ́ gíà kan péré ló ń yọ̀, ẹ ra T-IV.

Lítà 3.5 péré ló ń jáde tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, tí ẹ máa fi allen key 10 mm tú. Ìyókù wà nínú torque converter, ohun tó so ẹ́ńjìnì pọ̀ mọ́ gíà. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa dà á nù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ wa mọ́tò díẹ̀ láàárín wọn: lítà 12 ni kí ẹ rà. Iye tó jáde ni kí ẹ dá padà, láti ẹnu ihò gééjì. Nígbà àkọ́kọ́, ẹ sọ páànù kalẹ̀, ẹ pààrọ̀ àsẹ́ inú rẹ̀ àti gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹrẹ̀ aláwọ̀ eérú lórí mágínẹ́ẹ̀tì inú páànù kì í ṣe ìjàǹbá. Tí ẹ bá rí ègé irin tó ń dán, ẹ tọ́jú owó ọ́ìlì yòókù mọ́ ti gíà.

Àwọn oògùn inú ìgò tí wọ́n ń tà bí gbogboǹṣe ńkọ́? Àwọn tó ki bí oyin ń mú kí ọ́ìlì nípọn, wọ́n sì lè ran sílì tó ti gbó lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta mọ́tò ló ń rà á jù, ẹni tó fẹ́ ra mọ́tò náà ni kó ṣọ́ra.

Ẹ gbé scanner, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe mọ́tò, sí i pẹ̀lú. Kóòdù P0750 tàbí P0755 túmọ̀ sí pé kí ẹ yẹ solenoid, fáàfù oníná tó ń pààrọ̀ gíà, àti wáyà rẹ̀ wò. Ẹ má gbàgbé RAV4 2001 sí 2003: kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnì ló ń jẹ́ kí gíà wọn máa já lu ara, Toyota sì fi kún wáráńtì nítorí rẹ̀, síbẹ̀ gíà ni ọ̀pọ̀ èèyàn bá wí.

Ní Ládípọ̀ tàbí Agodi Gate, agolo lítà kan tí wọ́n kọ Type T-IV sí lára ni kí ẹ béèrè. Ẹ ṣí ọ̀kan lójú ọlọ́jà: ó gbọ́dọ̀ pupa, kó mọ́ gaara. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún T-IV. Ayédèrú tó kún ọjà ló jẹ méjì yòókù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún yọ gééjì wò. Tí ó bá ti wálẹ̀, ẹ wo etí páànù àti sílì ibi tí ṣáàfù táyà ti wọnú gíà.