Ìwé ìrìbọmi ọ̀fẹ́ ilẹ̀ Czech: bí mo ṣe fi wá ìdílé ọkọ mi

Owó ni ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun lẹ ń bi mí jù. Ọ̀fẹ́ ni. Ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé òkú tí àwọn àlùfáà ilẹ̀ Czech ti ń fọwọ́ kọ láti ayébáyé, tí wọ́n ń pè ní matriky, ìjọba wọn ti ya àwòrán èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì kó o sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni lè wò ó láìsan kọ́bọ̀. Kò sí pé ẹ fi káàdì báńkì sílẹ̀, kò sí pé lẹ́yìn ọjọ́ méje ọ̀fẹ́ yín á tán. Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyẹn, pàápàá ìkànnì ilé ìpamọ́ ìwé ti Opava, digi.archives.cz, torí ibẹ̀ ni mo fi òru mi ṣòfò sí jù. Màá fẹnu ba àwọn tó ń gbowó náà.

Èmi kì í ṣe ọmọ Czech o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, Houston ni mo ń gbé, ọkọ tí mo fẹ́ ló jẹ́ ọmọ àwọn Czech tó tẹ̀dó sí Fayette County ní Texas. Àwọn ọmọ wa mọ agbo ilé bàbá mi, wọ́n sì mọ oríkì tí ìyá mi fi ń kí wọn lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n ní ti ìhà bàbá wọn, "Bohemian" ni wọ́n á sọ, ìyẹn ará Bohemia, ìhà ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Czech, ó parí. Ìyá ọkọ mi gan-an kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, èdè Czech ni àwọn àgbà fi ń sọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ọmọdé gbọ́. Ó mọ kolache ṣe dáadáa, ìyẹn búrẹ́dì dídùn tí wọ́n ń fi èso sí láàárín, ṣùgbọ́n orúkọ abúlé tí wọ́n ti wá, rárá. Orúkọ abúlé sì ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé.

Ìdí ni pé kò sí ìwé kan ṣoṣo tó kó gbogbo orílẹ̀-èdè náà pọ̀. Agbègbè ni wọ́n fi pín in. Ti Bohemia wà lọ́wọ́ àwọn ilé ìpamọ́ ìwé Praha, Třeboň, Plzeň, Litoměřice àti Zámrsk. Ti Moravia àti Silesia, ìhà ìlà oòrùn, wà ní Brno àti Opava. Kálukú ní ìkànnì tirẹ̀. Ti Plzeň, Porta fontium, àwọn àti àwọn ará Bavaria ní Jámánì ni wọ́n jọ ń lò ó. Ẹ kò lè kàn tẹ orúkọ baba ńlá yín kí ó yọ jáde. Abúlé lẹ máa wá, ìjọ tí abúlé náà ń lọ, ọdún, lẹ́yìn náà kí ẹ jókòó máa ṣí i lójú ewé lójú ewé. Ẹni tí kò ní sùúrù kó má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Amẹ́ríkà kì í sọ abúlé. Nínú ìwé ìkànìyàn 1900, "Austria" ni wọ́n kọ síwájú orúkọ bàbá bàbá bàbá ọkọ mi, torí abẹ́ ìjọba Ọ́stríà ni ilẹ̀ wọn wà títí di ọjọ́ 28 oṣù kẹwàá 1918 tí Czechoslovakia fi dìde. Ìwé ọkọ̀ ojú omi kò fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́. Láti èbúté Bremen ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wá sí Texas ti wọkọ̀, wọ́n sì gúnlẹ̀ sí Galveston. Ti Hamburg ṣì wà, láti 1850 lọ, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé èrò Bremen ti ṣòfò. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn ló ń kó ti àtijọ́ dànù kí àyè lè wà. Mo bínú sí àwọn yẹn gan-an nígbà tí mo kà á.

Ibí yìí ni àwọn tó ń gbowó ti mú mi. Ìkànnì kan, mi ò ní dárúkọ wọn, ń fi àwòrán ewé kékeré kan hàn mí lójoojúmọ́ pé àwọn ti rí bàbá ńlá wa. Mo san owó ọdún kan. Ohun tí wọ́n rí ni ìran tí ẹlòmíràn ti kọ, tí ẹlòmíràn wò kọ, tí ẹnì kan ninu wọn sì ti so ọkùnrin tiwa pọ̀ mọ́ ìyàwó kan tó kú ní Chicago nígbà tí tiwa ń gbin òwú ní Texas. Nígbà tí mo fẹ́ jáwọ́, wọ́n ti tún yọ owó ọdún kejì. Ó gba kí n bá báńkì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó dá a padà. Kì í ṣe pé wọn kò wúlò rárá: ìwé ìkànìyàn àti ìwé tí àwọn àjèjì fi di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, ó sì rọrùn láti wá. Àmọ́ FamilySearch, tí ìjọ Mormon ń ṣe, ní púpọ̀ nínú ohun kan náà lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ kàn máa forúkọ sílẹ̀ ni.

Ibojì ló sọ abúlé fún wa. Àwọn Czech Texas àtijọ́ kì í fi ibi tí wọ́n bí wọn pamọ́ sára òkúta. Ọ̀rọ̀ "Zde odpočívá" lẹ máa rí lókè, pé níbí ni lágbájá sùn sí, lẹ́yìn náà ọjọ́ ìbí, lẹ́yìn náà ibi ìbí. Ọkọ mi ti ń kọjá níwájú òkúta yẹn láti kékeré, kò mọ ohun tó wà lára rẹ̀ torí kò gbọ́ èdè náà, ewéko wúruwùru sì ti bo ìlà ìsàlẹ̀. A fi omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ má fi kẹ́míkà fọ òkúta ibojì o, ó ń jẹ ẹ́. Lichnov, Moravia. Kí n sọ ọ́ fún yín: a kì í ṣe Bohemian rárá, Moravia ni. Ìyá ọkọ mi kò tíì gbà títí di òní.

Tí òkúta yín bá ti parẹ́, ẹ wá ìkéde òkú nínú àwọn ìwé ìròyìn èdè Czech tó jáde ní Texas, bíi Svoboda ti La Grange, tàbí kí ẹ lọ sí ibùdó àṣà àwọn Czech ní La Grange kan náà, wọ́n ní ibi ìkàwé. Ẹgbẹ́ SPJST, tí àwọn Czech Texas dá sílẹ̀ ní 1897 láti máa ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà ikú àti àìsàn, ní ìwé lórí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá dé agbègbè yẹn, ẹ yà sí ìjọ Dubina, abúlé tí àwọn ará Moravia tẹ̀ dó ní 1856. Àjà rẹ̀ aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ya ìràwọ̀ sí, wíwò nìkan tó owó epo tí ẹ sun.

Lichnov méjì ló wà. Bẹ́ẹ̀ ni, méjì, abẹ́ Opava ni méjèèjì. Ọ̀kan wà ní agbègbè Bruntál, èkejì wà nítòsí Frenštát pod Radhoštěm lẹ́sẹ̀ òkè Beskydy. Ti Bruntál, èdè Jámánì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ nígbà náà, Lichten ni àwọn yẹn ń pè é. Orúkọ ìdílé ọkọ mi jẹ́ ti Czech pọ́nńbélé, agbègbè Frenštát sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wá sí Texas ti wá. Ti Frenštát ni mo kọ́kọ́ ṣí, ibẹ̀ náà ló sì jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ojú ewé kan fún yín. Láti 1784 ni ọba Joseph Kejì ti pàṣẹ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ máa kọ ọ́, torí náà ó létò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n fa ìlà sí i: ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìrìbọmi, nọ́ńbà ilé, orúkọ ọmọ, ìjọ tó jẹ́, ọkùnrin tàbí obìnrin, bóyá inú ìgbéyàwó ni wọ́n bí i sí, bàbá pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀, ìyá pẹ̀lú orúkọ àwọn òbí tirẹ̀, bàbá àti ìyá ìsàmì. Nígbà mìíràn orúkọ agbẹ̀bí náà wà níbẹ̀. Àwòrán náà mọ́ kedere, ẹ lè fà á tóbi títí ẹ ó fi rí ibi tí yíǹkì ti kán sílẹ̀. Ìwé mìíràn ní atọ́ka orúkọ lẹ́yìn. Ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i láti iwájú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni ọwọ́ ìkọ̀wé. Ọkùnrin kan náà lè jẹ́ Franciscus níbi tí àlùfáà ti kọ Látìnì, Franz níbi tó ti kọ Jámánì, František ní Czech, kó wá di Frank ní Texas. Vojtěch ń di Albert, Václav ń di James, ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́. Orúkọ ìdílé obìnrin ń gba -ová nídìí. Àmọ́ àwọn ojú ewé tí wọ́n fi ọwọ́ Jámánì àtijọ́ kọ, tí wọ́n ń pè ní Kurrent, kò ṣeé kà fún èmi. Mo háyà ẹnì kan ní Moravia tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó ń gbowó ní wákàtí. Ó ṣiṣẹ́ mọ́wọ́. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fúnra yín wá ojú ewé náà, kí ẹ fi nọ́ńbà àwòrán ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n kàn bá yín kà á. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé "ẹ bá mi wá ìdílé mi", owó rẹ̀ á kàn máa jáde ni.

Nọ́ńbà ilé ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ní 1770, nígbà Maria Theresa, ìjọba Ọ́stríà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nọ́ńbà sára ilé gbogbo kí wọ́n lè mọ iye ọkùnrin tí wọ́n lè kó lọ ṣe ológun. Ilé tuntun tí wọ́n bá kọ́ lẹ́yìn náà, nọ́ńbà tó kàn ni wọ́n ń fún un, kì í tẹ̀lé òpópónà, nítorí náà ilé 12 lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé 87. Nínú abúlé tí ìdajì ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà, tí gbogbo ọmọkùnrin sì jẹ́ Jan tàbí Josef tàbí František, nọ́ńbà yẹn ló ń dáhùn ìbéèrè tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú máa ń bi ọmọ: ọmọ ilé ta ni ẹ́?

Ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú ìdílé ọkọ mi ni pé olówó ni wọ́n ní Europe, onílẹ̀ ńlá, pé ọba ló lé wọn. Mo tẹ̀lé àwọn ọmọ tí bàbá ibẹ̀ bí. Àkọ́bí, ilé kan. Èyí tó tẹ̀ lé e, ilé mìíràn. Ẹ̀kẹta, ilé mìíràn lẹ́ẹ̀kan sí i. Níwájú orúkọ bàbá wọn, podruh ni àlùfáà kọ, ìyẹn ẹni tí kò nílé tí kò nílẹ̀, tó ń gbé yàrá nílé ẹlòmíràn tó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Onílẹ̀, sedlák, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ rẹ̀ máa wà lábẹ́ rẹ̀, àwọn ọmọ-ọmọ náà. Tiwa ń kó ẹrù kiri. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, ó wo tábìlì fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó nílẹ̀ kọ́ ló ń kó ọmọ wẹ́wẹ́ wọkọ̀ ojú omi." Lẹ́yìn náà ló bi mí ní iye sarè ilẹ̀ tí wọ́n ní ní Fayette County nígbà tí ọkùnrin yẹn kú. Ìyẹn wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ La Grange, kò pẹ́ tí a fi rí i. Látìgbà náà ni kì í ti í sọ ìtàn ọba mọ́, ti ilẹ̀ yẹn ló ń sọ fún àlejò.

Fún ìkànnì Opava, ìràwọ̀ márùn-ún nínú márùn-ún. FamilySearch, mẹ́rin. Ẹni tó bá mi ka Kurrent, márùn-ún. Àwọn tó yọ owó mi lẹ́ẹ̀mejì, ẹ ti mọ̀.

Ohun tí ẹ kò ní rí níbẹ̀ ni ìwé tó ṣì sún mọ́ wa: òfin wọn ní kí ìwé ìbí pé 100 ọdún, kí ìwé ìgbéyàwó pé 75, kí wọ́n tó tú u sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tí àwọn èèyàn rẹ̀ kúrò lẹ́yìn ogun máa ní láti kọ̀wé sí ọ́fíìsì ìlú náà, kó sì fi hàn pé ọmọ wọn lòun.

Ìbéèrè tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí mi lábẹ́lẹ̀ náà, mo ti rí i. Àbúrò ọkọ mi pàápàá ti bi mí: ṣé ìwé ìrìbọmi yìí lè gba pásípọ́ọ̀tù Europe fún wa? Rárá. Òfin Czech gba àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ ẹni tó ti jẹ́ ọmọ ìlú Czechoslovakia láyè láti béèrè, ṣùgbọ́n ẹni tó wọkọ̀, tó sì di ọmọ ìlú Amẹ́ríkà, kí orílẹ̀-èdè náà tó wà kò jẹ́ ọmọ ìlú rẹ̀ rí. Tiwa ti ń kórè òwú ní Texas tipẹ́tipẹ́ kí 1918 tó dé. Ó ní kí n tún ìwé náà wò dáadáa.