Gephi, yEd, Cytoscape, Graphviz tàbí NodeXL: èwo ni kò ní tú àwòrán ọ̀nà Ìkòròdú yín ká?

Bí ẹ bá ti ní fáìlì tó sọ ibi tí ibùdókọ̀ àti èbúté kọ̀ọ̀kan wà láti Mile 12 dé Ìkòròdú, ẹ má fi ẹwà àwòrán yan sọ́fítíwià tí ń ya kókó (àmì ibùdókọ̀ tàbí èbúté kọ̀ọ̀kan) àti ìlà tó so wọ́n pọ̀. Èyí tó máa gba x àti y yín (nọ́ńbà ipò kókó kọ̀ọ̀kan) bí ẹ ṣe kọ wọ́n ni kí ẹ wá, torí òmíràn á dà wọ́n nù, á sì to kókó bó ṣe wù ú.

Ọ̀rọ̀ owó kò gùn. Ọ̀fẹ́ ni Gephi, Cytoscape àti Graphviz, kóòdù wọn sì ṣí sílẹ̀. yEd, ti ilé iṣẹ́ yWorks ní Jámánì, ọ̀fẹ́ ni láti lò, àmọ́ kóòdù rẹ̀ kò ṣí. NodeXL Pro nìkan lẹ máa rà. Bí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà bá ní kí ẹ san owó láísẹ́ǹsì Gephi, ẹ bi í pé láísẹ́ǹsì wo.

Gephi ló rọrùn jù tí fáìlì bá jẹ́ GEXF, irú fáìlì tí ń tọ́jú kókó àti ìlà. Inú àmì viz:position lábẹ́ kókó kọ̀ọ̀kan ni x àti y ń gbé. Ẹ rí i pé xmlns:viz, tó ń sọ àmì viz di mímọ̀, wà lókè fáìlì. Gephi ń gba x àti y inú GraphML, irú fáìlì míì bẹ́ẹ̀, náà. CSV, fáìlì tábìlì lásán, ló ń já ènìyàn kulẹ̀: òpó x àti y á wọlé bíi dátà lásán, kókó á sì fọ́n káàkiri. Ẹ fi plugin (àfikún) GeoLayout sí i, kí ẹ sì yan òpó Latitude àti Longitude. Bí òpó náà bá wọlé bíi String (ọ̀rọ̀) dípò Double (nọ́ńbà), kò ní ṣeé lò. Tí gbogbo rẹ̀ bá ti jókòó, ẹ má tẹ Run lórí ForceAtlas 2, torí ṣe ló máa tún gbogbo wọn tò.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni ìwọ̀n. x ni ti ìlà-oòrùn, nǹkan bíi 3.5 ní Ìkòròdú. Y ni ti àríwá, nǹkan bíi 6.6. Láti Mile 12 dé Ìkòròdú, x kò yàtọ̀ ju nǹkan bíi 0.1 lọ, nítorí náà gbogbo ibùdókọ̀ á gorí ara wọn bí ẹ bá gbé nọ́ńbà náà wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ fi 10,000 sọ x àti y di púpọ̀ kí ẹ tó gbé wọn wọlé. GeoLayout ní Scale tirẹ̀, òun kò nílò èyí.

Nínú yEd àti Cytoscape, bí y bá ṣe ń pọ̀ sí i ni kókó ń lọ sísàlẹ̀. Nínú Gephi àti Graphviz, ó ń lọ sókè. Bí Èbúté Èrò (ní Erékùṣù Èkó) bá wà lókè Ìpakòdò (èbúté Ìkòròdú) lójú àwòrán, ọ̀sà ti dorí kodò nìyẹn: ẹ fi -1 sọ y di púpọ̀. yEd kì í wo x àti y lásán nínú GraphML, y:Geometry tirẹ̀ ló mọ̀. Láìsí i, kókó gbogbo á wà lójú kan. Igun òkè lápá òsì ni nọ́ńbà rẹ̀ sì ń tọ́ka sí, kì í ṣe àárín bíi ti Gephi. Cytoscape ń ka ipò láti inú fáìlì XGMML. Bó bá jẹ́ tábìlì lẹ gbé wọlé, ẹ lọ sí Style, kí ẹ fi Passthrough Mapping so X Location àti Y Location mọ́ òpó wọn.

Graphviz kò ní bọ́tìnnì, àmọ́ òun ló ń gbọ́ràn jù: ẹ kọ pos="35000,66000" sínú kókó, kí ẹ sì fi àṣẹ neato -n -Tpng ṣiṣẹ́. Láìsí -n, íǹṣì ló máa ka nọ́ńbà sí, àyè ìbẹ̀rẹ̀ lásán sì ni pos jẹ́ àfi tí àmì ! bá tẹ̀lé e. Àṣẹ dot kò tilẹ̀ ní wò ó.

NodeXL ní òpó X, Y àti Locked? nínú ìwé Vertices. Excel orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux kò ní ohun kan tó máa rà níbẹ̀.

Ẹ fi kókó mẹ́ta dán èyíkéyìí wò kí ẹ tó sanwó: Mile 12 gbọ́dọ̀ wà lápá òsì Ìkòròdú, Èbúté Èrò sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ àwọn méjèèjì. Fún ẹni tí kò mọ kóòdù, Gephi ni ká mú. Ẹni tó fẹ́ máa tẹ àwòrán kan náà jáde léraléra láti inú fáìlì, Graphviz ni tirẹ̀. NodeXL Pro yẹ fún ọ́fíìsì tó ti ń fi Excel ṣe gbogbo nǹkan. Fún ẹlòmíràn, ẹ fowó yín pamọ́.