Àlejò Lórí Fídíò fún Ilé-Ìwé Àgbádárìgì: Zoom, Google Meet Àbí WhatsApp?

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ òbí tí ẹ fẹ́ kí ẹnì kan bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ láti òkè-òkun tàbí láti Ìkẹjà, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: ẹ̀rọ mélòó ló máa wọ inú ìpè náà? Ẹ̀rọ ni mo wí, kì í ṣe orí ọmọ. Bí igba ọmọ bá jókòó sí gbọ̀ngàn kan níwájú lápútọ́ọ̀pù kan, ẹyọ kan ṣoṣo ni Zoom àti Google Meet máa kà wọ́n sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ò mọ èyí, ni wọ́n ṣe ń ronú àtisan owó dọ́là lóṣooṣù fún ohun tí wọn ò nílò.

Ẹ̀rọ méjì péré: Meet tàbí Zoom

Lórí Zoom ọ̀fẹ́, ìṣẹ́jú 40 ni, kódà kó jẹ́ ẹni méjì ló ń sọ̀rọ̀. Lórí Google Meet ọ̀fẹ́, ẹ̀rọ méjì lè wà lórí ìpè fún wákàtí 24. Ìgbà tí ẹ̀rọ kẹta bá wọlé ni ó tó di ìṣẹ́jú 60. Àwọn méjèèjì ló ń gba tó 100 ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí náà iye èrò kọ́ ni ìṣòro. Àkókò ni.

Mo rí i lójú ara mi. Ilé-ìwé kan tí mo bá ṣètò pe nọ́ọ̀sì kan láti London lórí Zoom ọ̀fẹ́. Àdúrà, orin ilé-ìwé, ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀: ìṣẹ́jú 16 ti lọ kí àlejò tó la ẹnu. Nígbà tó kan ìbéèrè, ọmọbìnrin kan láti JSS 2 bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé pélébé lọ́wọ́. Ó gba máíkì, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀jẹ̀ kì í bà yín lẹ́rù?” Ibẹ̀ ni ìpè já. Kí a tó ṣe líǹkì mìíràn, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ti kọjá, ọmọ náà ò sì padà lọ jókòó. Ó dúró síbẹ̀, ó ń ká ìwé yẹn, ó tún ń tú u. Ó dùn mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, Meet ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ fún ilé-ìwé tó ní gbọ̀ngàn kan àti àlejò kan.

Ohun tí Zoom fi ju Meet lọ ni pé ẹ lè gba ìpè náà sílẹ̀ sórí lápútọ́ọ̀pù láìsanwó. Meet ọ̀fẹ́ kì í gbà á sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwọn tí kò wá rí i lẹ́yìn, Zoom ni kí ẹ mú, ṣùgbọ́n kí ẹ gbàdúrà, kí ẹ kọrin tán kí ẹ tó tẹ líǹkì. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí kí ẹ tó gba ojú ọmọ wọn sílẹ̀. Òfin ààbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ti wà láti 2023.

WhatsApp, fún àlejò tó ń rìn

Àwọn kan máa ń fojú kéré rẹ̀, mi ò sí lára wọn. Bí àlejò yín bá fẹ́ fi nǹkan hàn, bóyá apẹja tó ń tú àwọ̀n lẹ́bàá ọ̀sà, tàbí ẹni tó dúró níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ ní 1845, ní Marina níbí, fóònù ọwọ́ ló yẹ ẹ́. Ó ń gba ènìyàn 32, ó sì ń fi ojú ẹ̀rọ hàn. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹlòmíràn bá pe fóònù náà láàárín, ó lè da gbogbo rẹ̀ rú. Ẹ wá fóònù tí ẹnikẹ́ni kì í pè.

Skype tí àwọn olùkọ́ àtijọ́ mọ̀ ti kógbá sílé ní oṣù Karùn-ún 2025. Webinar olówó, ìyẹn ìpàdé ńlá orí ayélujára, sì wà fún ilé-ìwé mẹ́wàá tó fẹ́ gbọ́ ẹnì kan pọ̀; ilé-ìwé kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀.

Bí àlejò bá wà ní Toronto

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ wa jẹ́ aago márùn-ún ìdájí níbẹ̀ nígbà ooru, aago mẹ́rin nígbà òtútù. Ẹ má jí ènìyàn. Ẹ ní kó gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fídíò lásán, kí àwòrán má baà ṣú. Tó bá di aago kan ọ̀sán, ẹ pè é fún ìbéèrè nìkan. Ọ̀nà yìí ló dára jù níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró.

Ibi tí owó yẹ kó lọ

Ìwọ̀n tí Zoom kọ fún ìpè ẹni méjì tó já gaara jẹ́ 600 kilobit ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, lílọ àti bíbọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ nǹkan bí 540MB fún wákàtí kan. Dátà 2GB ti tó, pẹ̀lú ìdánwò. Síímù ilé-iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ní, kí ẹ sì pa roaming bí ilé-ìwé yín bá súnmọ́ Sẹ̀mẹ̀, torí fóònù lè lọ so mọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì Bẹ̀nẹ̀.

Owó tó kù, ẹ fi ra máíkì tó ní wáyà gígùn. Bí àwòrán bá já, àwọn ọmọ á ṣì fara balẹ̀. Bí ohùn bá já, ariwo sọ. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Bí àlejò bá ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ padà, ẹ yí sípíkà kúrò lọ́dọ̀ lápútọ́ọ̀pù, kí ẹ sì pa máíkì títí ọmọ tó kàn yóò fi dé iwájú.