Agbẹjọ́rò Abẹ́òkúta Tó Là Mí Lóye Lórí Iṣẹ́ Ṣíṣe Láti Ilé

Nítorí pé ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo gbé ìwé àdéhùn mi tọ agbẹjọ́rò kan lọ ní Ìbarà, kí n lè mọ ẹni tí yóò tọ́jú mi bí mo bá farapa nídìí iṣẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí Òfin Gbà-máà-bínú Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010: ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá yọ̀ǹda fún láti ṣiṣẹ́ níta ọ́fíìsì kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọ̀gá ni yóò sì máa san owó ìdáàbòbò náà sí àpò NSITF, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́, láìyọ kọ́bọ̀ nínú owó oṣù wa. Àlàyé rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Ọ̀rọ̀ epo jẹnẹrétọ̀ àti dátà nìkan ni kò mẹ́nu bà. Ìgbà tí mo béèrè ni ó tó fi bírò pupa kọ ọ́ sí etí ìwé mi pé kí n bá ọ̀gá ṣàdéhùn lé e lórí.