Dọ́kítà ẹranko tó bá mi tọ́jú Àṣàkẹ́ ní Òkè-Fìà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ológbò ní Òṣogbo, bí tiyín bá ti bímọ tẹ́ ẹ ò sì fẹ́ kó tún lóyún, mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ilé ìwòsàn ẹranko tí mo gbé tèmi lọ ní Òkè-Fìà. Iṣẹ́ wọn tẹ́ mi lọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun kan wà tó yẹ kí wọ́n tún ṣe.

Ìrẹsì, ẹ̀wà àti gàrí ni mò ń tà nítòsí Ọjà Ọba. Èkúté kì í jẹ́ kí àpò gbádùn, ìdí nìyẹn tí mo fi ń sin Àṣàkẹ́, abo ológbò mi, ó sì mọṣẹ́ dunjú. Àmọ́ bó ṣe ń bímọ léra wọn yẹn ń dùn mí. Àwọn ọmọ ò tíì kúrò lẹ́nu ọmú, ikùn ìyá á tún ti máa yọ. Téèyàn bá fọwọ́ pa á lẹ́yìn, egungun nìkan lọwọ́ máa bá.

Dọ́kítà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní sùúrù gan-an, ló là á yé mi pé ọmú fífún kì í dá oyún dúró lára ológbò. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn ìbímọ, akọ lè tún gùn ún, kó sì lóyún. Oyún ọ̀hún kì í ju nǹkan bí oṣù méjì lọ. Ó ní kí n tì í mọ́ yàrá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, kí akọ kankan má dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, títí kan àwọn ọmọ tó bí tẹ́lẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fọkàn tán an ni ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́. Ẹnì kan lọ́jà ti ní kí n ra abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí táwọn obìnrin ń gbà, kí wọ́n gún un fún Àṣàkẹ́. Nígbà tí mo bi dọ́kítà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ má dán an wò o." Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí ilé ọmọ ológbò kún fún ọyún, ó sì lè fa jẹjẹrẹ ọmú. Ẹlòmíì ì bá ti tà á fún mi, kó gbowó.

Ó tẹ ọmú Àṣàkẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì mú ọwọ́ èmi náà lé e. Bí ọ̀kan bá le, tó pọ́n, tó sì gbóná, kí n gbé e wá lọ́jọ́ náà. Bó bá ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń le gbagidi, kí n má dúró dìgbà tílẹ̀ máa mọ́. Oúnjẹ rẹ̀ ní láti tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀, kí omi má sì wọ́n níwájú rẹ̀. Ṣáwá ni mò ń bọ̀ fún un, láìsí iyọ̀ láìsí ata, màá yọ egungun rẹ̀, màá pò ó mọ́ ẹyin. Mílíìkì màlúù máa ń fún wọn ní ìgbẹ́ gbuuru. Parasitámọ́ọ̀lù ńkọ́? Ó ń pa ológbò, ẹ má fún un láéláé.

Ìgbà tí àwọn ọmọ ti ń dá jẹun, tí ọmú sì ti gbẹ, ló ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lè lóyún mọ́ fún un. Ẹ̀gbẹ́ ikùn ló gbà wọlé. Ojú ọgbẹ́ ò tó ìka ọwọ́ mi tó kéré jù. Ó pè mí lálẹ́ láti béèrè bóyá Àṣàkẹ́ ti jẹun. ₦35,000 ni mo san, oògùn àti yíyọ òwú wà nínú rẹ̀. Owó gidi ni lọ́wọ́ ọlọ́jà, ṣùgbọ́n mi ò kábàámọ̀ rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ń jókòó dè wọ́n ni kò dáa. Ajá àti ológbò jọ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan ni. Ajá ńlá kan ń gbó mọ́ wa, Àṣàkẹ́ ń gbọ̀n nínú apẹ̀rẹ̀, a sì pẹ́ níbẹ̀ kọjá àkókò tí wọ́n dá fún wa. Ẹ wá apẹ̀rẹ̀ tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ fi aṣọ bò ó.

Mo ti bá wọn dájọ́ fún abo kékeré tó kù lọ́wọ́ mi, torí abo ológbò lè lóyún láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Àwọn tó gba abo lọ́wọ́ mi náà, mo ti sọ fún wọn.