Alẹ́ ọdún ní Erékùṣù Èkó: bí a ṣe gbádùn Freedom Park láìwọ mọ́tò

Ní ọdún tó kọjá, ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì, gbogbo ìdílé wa wọ mọ́tò láti Festac, ó di Victoria Island. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní London ti wá bá wa ṣọdún, ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì fojú ara wọn rí bí Èkó ṣe ń rí lálẹ́. Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a kúrò nílé. Agogo mẹ́jọ ti kọjá kí a tó jókòó sídìí tábìlì ilé oúnjẹ tí a ti fi owó sílẹ̀ fún, nígbà tí èyí tó kéré jù nínú àwọn ọmọ ti sùn lọ fọnfọn lẹ́yìn mọ́tò, tí ìyá wa, ẹni ọdún 76, sì ti ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀ láti ìgbà tí a ti wà lórí afárá.

N kò ní dárúkọ ilé oúnjẹ náà, nítorí pé ohun tí ojú wa rí níbẹ̀, mo ti gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó lọ sí ibòmíràn. Wọ́n ti sọ fún wa lórí fóònù pé tábìlì ẹni mẹ́jọ kò gbọdọ̀ náwó tó dín ní 200,000 náírà nínú oṣù Kejìlá. Àwa gbà bẹ́ẹ̀, a sì bu oúnjẹ tó tó iye náà gẹ́lẹ́. Nígbà tí ìwé owó dé, 245,000 ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ rẹ̀. Ọkọ mi mú gíláàsì ojú rẹ̀ jáde, ó sì kà á sí wa létí ní ìlà kọ̀ọ̀kan: oúnjẹ àti ohun mímu, 200,000, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún fún iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, 20,000, VAT, owó orí ọjà tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà, ìyẹn 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 15,000. Owó orí tí Ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lórí oúnjẹ ilé àrójẹ, ìyẹn 5 nínú ọgọ́rùn-ún, jẹ́ 10,000. Owó orí méjèèjì bófin mu, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí wọn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù mọ̀ dájú pé 245,000 ni a ó san, ó sì fẹnu pe 200,000 fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó bá fẹ́ gba tábìlì sílẹ̀ ní àsìkò ọdún, kí ó béèrè pé, "Èló ni gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú owó orí àti owó iṣẹ́?", kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i. Ráìsì wọn kò sì dùn ju ti ilé lọ.

Agogo kan ààbọ̀ òru ni a wọlé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kó àgbà àti ọmọdé jáde lálẹ́ ọdún kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ béèrè ibi tí iná ti pọ̀ jù. Ọ̀nà tí wọn yóò gbà padà sílé ni kí ó kọ́kọ́ wá. Afárá mẹ́ta péré ni mọ́tò ń gbà láti Mainland wọ Erékùṣù Èkó: afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1901, afárá Èkó, àti Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990. Ẹni tó ń lọ sí etíkun, ẹni tó ń lọ wo olórin, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù tó ń lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Ikoyi, gbogbo wọn ni yóò fún ara wọn pọ̀ sórí àwọn afárá mẹ́ta yìí láàárín agogo mẹ́rin sí mẹ́jọ. Kò sí ọgbọ́n awakọ̀ tó lè yí i padà.

Nítorí náà, nígbà tí ọdún tún yí po, tí àbúrò mi sì tún dé, a fi mọ́tò sílẹ̀ nílé. Ọkọ̀ ojú irin Blue Line ni a wọ̀ láti Mile 2. Ọ̀nà irin náà gùn tó kìlómítà 13, ibùdó márùn-ún ló ní, ó sì ti ń gbé èrò láti ọjọ́ 4, oṣù Kẹsàn-án, 2023. Iná mọ̀nàmọ́ná ló ń lò, nítorí náà kò sí èéfín, ariwo rẹ̀ kò sì pọ̀. Káàdì Cowry tí a fi ń wọ ọkọ̀ BRT náà ni a ó tẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọkọ mi ti lọ ra àwọn tó kù, ó sì ti kówó sínú wọn ní ọjọ́ tó ṣáájú, ohun tí mo gba gbogbo ènìyàn níyànjú láti ṣe, nítorí pé ẹni méje tó ń tò síwájú fèrèsé olówó lọ́jọ́ ọdún lè pàdánù ọkọ̀ kan tàbí méjì.

Ìrìn àjò náà kò gbà wá tó 20 ìṣẹ́jú. Bí a ti kúrò ní ibùdó National Theatre, ilé ìṣeré tí wọ́n kọ́ ní àwòrán fìlà ọ̀gágun fún FESTAC 1977, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ojú irin náà gòkè sórí omi, àwọn ọmọ sì sáré lọ lẹ imú mọ́ gíláàsì fèrèsé. Oòrùn ń wọ̀, omi ọ̀sà ń dán bí epo, àwọn ẹ̀rọ agbẹ́rù gíga inú èbúté Àpápá sì dúró ṣánṣán lápá kan bí ẹyẹ lékeléke tó ń ṣọ́ ẹja. Èmi tí mo ti ń gbé Èkó láti ìgbà ọmọdé, n kò rí ìlú náà láti ibẹ̀ rí. Owó táṣẹ́rẹ́ ni a fi rí i.

Láti ibùdó Marina, a rọra rìn gba Broad Street nítorí ẹsẹ̀ Màmá, a sì dé Freedom Park kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ó yẹ kí n sọ ohun tí ibẹ̀ jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àwọn òyìnbó amúnisìn ni tẹ́lẹ̀. Ní 1882 tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ọ, amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, koríko sì ni òrùlé. Àwọn tí kò fẹ́ ìjọba òyìnbó ń ju iná sórí rẹ̀, títí tí ìjọba fi kó bíríkì wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1885 láti tún un kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀, wọ́n sì ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ọn. Ayàwòrán ilé, Theo Lawson, ló sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n sì ṣí i ní oṣù Kẹwàá 2010 nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ń ṣe ayẹyẹ àádọ́ta ọdún òmìnira. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún ẹlẹ́wọ̀n láyé ọjọ́sí ni orí ìtàgé ńlá tí àwọn olórin ń dúró lé lónìí.

Ọmọ àbúrò mi tó jẹ́ ẹni ọdún mẹ́jọ kò gbà gbọ́. Ó lọ dúró sáàárín ìpìlẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, ó na apá rẹ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ó sì béèrè pé, "Níbo ni wọ́n ń gbé bẹ́ẹ̀dì sí?" Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀dì kẹ̀? Ẹní ni, ìyẹn bí wọ́n bá fún wọn." Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí bàbá wa àgbà ṣe gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nígbà tí wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún Awólọ́wọ̀, ìtàn tí èmi pàápàá kò gbọ́ rí. Mo jókòó ti ìtàn náà fún ìdajì wákàtí, kò sì sí ẹni tó ní ká san kọ́bọ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí oúnjẹ. Àwọn olóúnjẹ tó wà nínú ọgbà náà pọ̀, ohun tí kálukú ń tà sì yàtọ̀, nítorí náà kò sí ìjà láàárín ẹni tó fẹ́ ráìsì àti ẹni tó fẹ́ òkèlè. Asun ni mo fẹ́ yìn jù lọ. Ẹran ewúrẹ́ ni, tí wọ́n ti yan lórí ẹyin iná títí awọ rẹ̀ fi ta, kí wọ́n tó gé e wẹ́wẹ́ dà sínú ata rodo àti àlùbọ́sà tó ṣì ń hó nínú epo. Èyí tí wọ́n gbé fún wa kò rọ̀ jù, kò sì le. Eyín ń bá awọ rẹ̀ jà díẹ̀, bí asun ti yẹ kó rí, ata rẹ̀ sì mú kí ọkọ àbúrò mi, ẹni tó ń wò wá lórí fóònù láti London, máa bi ìyàwó rẹ̀ léèrè ohun tó ń pa á lẹ́kún. Màmá jẹ ẹja yíyan àti dòdò. Àwọn ọmọ jẹ ráìsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti adìẹ, wọ́n mu sóbò tútù, wọ́n sì tún padà wá bù lára asun náà. Gbogbo ohun tí àwa méje náà jẹ, pẹ̀lú owó ìwọlé, kò pé 90,000 náírà. (Àwa méje ni mo wí, nítorí pé àkọ́bí mi ti ní òun ti dàgbà ju kí òun máa bá ìyá òun jáde lọ.)

Ẹgbẹ́ olórin kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ hailáìfù àtijọ́ ní nǹkan bí agogo méje. Ẹ má ṣe jókòó sítòsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn bí ẹ bá mú àgbàlagbà dání. Ẹ lọ sí abẹ́ igi lẹ́yìn, níbi tí ènìyàn ti lè gbọ́ orin kí ó sì tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnìkejì rẹ̀. Ìta gbangba ni, nítorí náà ẹ fi ìpara ẹ̀fọn pa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ, kí ẹ sì mú aṣọ ìborùn dání nítorí ọyẹ́. Ó tún yẹ kí ẹ wádìí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, nítorí pé àwọn ẹlòmíràn máa ń yá ibẹ̀ ṣe òde tí tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ yàtọ̀ sí owó ìwọlé lásán.

Bí ọwọ́ bá tètè yá, ẹ lè fi ọ̀sán ọjọ́ náà wo John Randle Centre ní Oníkan, ibi tí wọ́n kó àṣà àti ìtàn Yorùbá jọ sí, kò sì jìnnà sí Freedom Park. Bí ó bá sì ṣe ọjọ́ tí àwọn ará Campos tàbí Lafiaji ń jó Fanti ni, tí àwọn ọmọ Àgùdà tí baba ńlá wọn ti Brazil padà wálé wọ aṣọ aláràbarà jáde sí òpópónà, ẹ jẹ́ kí Freedom Park dúró díẹ̀.

Àwọn ọmọ ṣì fẹ́ rí iná ọdún, n kò sì lè sọ pé kí wọ́n má rí i. Òpópónà Ajose Adeogun ní Victoria Island, tí Zenith Bank máa ń fi iná ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lọ́dọọdún, kò láfiwé ní Èkó, ọ̀fẹ́ sì ni. A ti lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kan ṣáájú Kérésìmesì, nígbà tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú, a fẹsẹ̀ rìn ín já, a ya fọ́tò, a sì kúrò láàárín ìṣẹ́jú 40. Ìran wíwò ni, kò sí ìjókòó. Ẹni tó bá fẹ́ fi mọ́tò gba ibẹ̀ kọjá ní alẹ́ ọjọ́ 25 tàbí 26, kí ó kó oúnjẹ àti omi sẹ́yìn ọkọ̀.

Ohun kan ni ètò tiwa yìí gbà lọ́wọ́ ẹni: ẹ kò lè dúró pẹ́ tó bí ẹ ṣe fẹ́. Ọkọ̀ ojú irin ní àsìkò tó ń ṣíwọ́, èyí tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi lè yàtọ̀ sí ti ọjọ́ iṣẹ́, nítorí náà ní Marina gan-an, bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ni kí ẹ ti béèrè èyí tó kẹ́yìn. Àwa gbọ́dọ̀ dìde nígbà tí orin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Màmá kò gbà. Ó ní orin tí wọ́n ń kọ lọ́wọ́ náà ni wọ́n kọ níbi ìgbéyàwó òun, ó sì rán mi sí olórin pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún kan náírà, ó jó díẹ̀ lórí ìjókòó, kí ó tó wá jẹ́ kí a fà á dìde.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ ní Mile 2, àbúrò mi wo fóònù rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó kúrò ní Victoria Island ní agogo méje fi àwòrán ránṣẹ́ sí i: iná pupa ẹ̀yìn mọ́tò rẹpẹtẹ, lórí afárá Falomo, kò tíì kúrò níbẹ̀.